Mi Ò Ṣe Àmín

Ìyá mi ní ìsọ̀ kan ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì Àbíjàn ti ń kó èrò. Àṣẹ̀kẹ́ ló ń tà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ rínrin tí wọ́n fi ooru sè, tó máa ń bu ẹja díndín àti àlùbọ́sà lé lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ ní Kọdifúà, orílẹ̀-èdè tí Àbíjàn wà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tèmi. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà nítòsí, kò sì síbòmíràn nínú ìlú tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń yá tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àárín àpò ẹ̀gẹ́ tó ti ìlú Masífà wá àti agbada ẹja ni mo gbé tábìlì mi sí. Àpótí pákó tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fi sílẹ̀ nígbà tó kú ni mo ń jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ààyè wà. Iṣẹ́ mi ni láti wá ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bá kú.

Wọ́n sì rẹ́rìn-ín náà. Alága gáréèjì ló ṣíwájú wọn, bàbá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, jìbìtì ló ń ṣe.

"Ọmọ Ìyá Aláṣẹ̀kẹ́," á ké láti ibi tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, "ta lo lù ní jìbìtì láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ló kàn, bàbá. Ẹ ṣáà lọ mú nọ́ńbà àkáǹtì yín wá."

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa pè mí lólè, ó wá béèrè awò tí mo fi ń wo ìràwọ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo ní mi ò wò ó, mò ń gbọ́ ọ ni. Àwọn díìṣì ńláńlá kan wà ní ilẹ̀ gbígbẹ kan ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ìgbì rédíò tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ ni wọ́n ń gbà, ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo sì ti ń tú ohun tí wọ́n gbà wò.

"Ìràwọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò? Ṣé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lòun náà ń polówó ni?"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀ fi gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé wà ní òkè òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé wa ni mo yàn láti jókòó sí. Ojú ọ̀run tó wà lórí Ẹ̀jìgbò, ojú ọ̀run ni òun náà.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ìràwọ̀ mìíràn wà tó tóbi ju oòrùn wa lọ fíìfíì. Bí irú rẹ̀ bá fẹ́ kú, inú rẹ̀ á wó, á sì ta ìtànṣán gámà jáde, irú ìtànṣán tí ojú ènìyàn ò lè rí, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ohunkóhun tó kù lójú ọ̀run lọ. Ó lè má pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé òkèlè mì lọ. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jìnnà débi pé nígbà tí ìtànṣán rẹ̀ gbéra, ayé tí a tẹ̀ yìí kò tíì sí. Sátẹ́láìtì kan rí i bó ṣe kọ mọ̀nà, ó sì ta gbogbo ayé lólobó. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìràwọ̀ náà tú jáde á lọ kọlu afẹ́fẹ́ tó yí i ká, á sì máa pọ́n bí ẹ̀yín iná tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ààrò. Ẹ̀yín iná yẹn là ń wá. Bí a bá rí i, a lè mọ bí ikú náà ṣe lágbára tó àti irú àdúgbò tí ìràwọ̀ náà gbé. Bí a ò bá rí i, ìtàn náà parí síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni wá nínú ẹgbẹ́ tó ń wá a, kálukú ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Bí ìràwọ̀ kan bá ti kú báyìí, wọ́n á fi lé ẹnì kan lọ́wọ́. Èyí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi lé èmi nìkan lọ́wọ́, mo sì fi ń yangàn. Nínú ọkàn mi, tèmi ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn díìṣì kọjú sí i, a ò rí nǹkan kan. Nígbà kejì, mo rí àmì tíntín kan ní ibi gan-an tí sátẹ́láìtì júwe. Àmọ́ kí n má purọ́: àwòrán wa máa ń kún fún ariwo, bí ìgbà tí iyanrìn bá fọ́n sórí aṣọ, irú àmì bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ níbi tí kò sí ìràwọ̀ kankan. Ẹni tó bá ní ariwo lásán ni, a ò lè ní ó ṣìwí.

Ohun tí ọ̀gá wa sọ náà nìyẹn. Ọkùnrin onísùúrù ni, òyìnbó tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ó pe ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kó gbogbo ìràwọ̀ tí a wá ẹ̀yín iná wọn tì pọ̀ sójú kan, kó kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì kọjú sí òmíràn. Ó ń pè wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù tí wọ́n fi lé lọ́wọ́ ń dáhùn pé òun gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, agbèrò ń ké "Àbíjàn, Àbíjàn, ó ku ẹnì kan!" Ó wá kan tèmi.

"Tìrẹ ńkọ́?" ọ̀gá béèrè.

"Ó wà lọ́nà," ni mo dáhùn.

Mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Bí a ṣe ń dáhùn ní gáréèjì wa ni. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé bọ́ọ̀sì ò dé. Ìbáà jẹ́ pé ẹnubodè ni wọ́n ti dá a dúró, ìbáà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sí Tógò, ó wà lọ́nà la máa ń sọ, àfi tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gáréèjì ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá ó ti já tíkẹ́ẹ̀tì.

"A kì í fi ìrètí ṣe sáyẹ́ǹsì," ọ̀gá wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò sí?"

"Rárá, sà."

"Gbogbo àwọn tó kù ti gbà."

"Èmi ò gbà."

Ẹ̀rín dá. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ìwé pé àkókò àwọn díìṣì yẹn wọ́n bí ojú, pé òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n tún fi ṣòfò lórí ìràwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta. Òfin gbà kí n fi orúkọ ara mi béèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè, tí a ò sì rí nǹkan kan, òun á gba iṣẹ́ ìràwọ̀ tó ń kú kúrò lọ́wọ́ mi, òun á sì fi mí sídìí títo àwòrán àtijọ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe.

"Ó dáa, sà," mo ní. "Màá béèrè."

Ohùn mi le. 

Ìyá mi ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, Faransé ló gbọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ẹni tó ń jà. Ó sọ ṣíbí kalẹ̀.

"Ta lò ń bá fà á bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀gá mi ni, Màámi."

"Ọ̀gá ẹ? Bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tíì tẹ èkù idà, ṣé ó máa ń béèrè ikú tó pa baba ẹ̀ ni? Ẹni tó máa fún ẹ níwèé ẹ̀rí lò ń gbójú sí? Tó bá ní kò sí, ìwọ náà sọ pé kò sí, kóo gba ìwé ẹ, kóo máa lọ."

"Ẹnu ara mi ni wọ́n fẹ́ kí n fi sọ ọ́, Màámi. Tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn ńkọ́?"

 Mo mọ̀ pé ibi tó ń dùn ún ni mo fọwọ́ kàn. A kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi sì kú sí. Nígbà tí ogun dé sí Kọdifúà, mo ṣì kéré. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú, a wọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ nílé. Bọ́ọ̀sì náà ò bá wa jìnnà. Wọ́n já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà, a rìn, a wọ ọkọ̀ tí a bá rí, a sì há sí ẹnubodè Gánà fún ìgbà pípẹ́, láìsí fóònù, láìsí ẹni tí a lè rán níṣẹ́. Ní Ẹ̀jìgbò níhìn-ín, ìròyìn dé pé bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn ará wa jóná lójú ọ̀nà. Àwọn ẹbí bàbá mi dúró títí, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n pe àfáà, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ṣàdúrà òkú fún ìyá mi àti fún èmi.

Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Ìyá àgbà jókòó sáàárín wọn, ẹnu rẹ̀ pa dé. Wọ́n rò pé etí rẹ̀ ti di. Àfáà tún àdúrà náà ṣe, ó gbé ohùn sókè sí i, ni ìyá àgbà bá dìde.

"Àfáà, mo gbọ́ yín. Mi ò ṣe àmín. Àwọn ọmọ mi wà lọ́nà."

Ó gbé àpótí pákó rẹ̀, ó gba gáréèjì lọ. Ibi tí ìsọ̀ wa wà lónìí yìí ló jókòó sí, lójoojúmọ́, tó kọjú sí títì. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ní ó ń bá Ọlọ́run jà. Àwọn ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn lẹ́kúnrẹ́rẹ́, nítorí ẹnu rẹ̀ mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu. A ò tiẹ̀ bá bọ́ọ̀sì wọlé. Orí ẹrù àlùbọ́sà la jókòó sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, eruku ti bò wá tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ń pè mí ní arúgbó. Ìyá àgbà gbójú sókè, ó wò wá títí.

"Ẹ pẹ́," ló sọ.

Ìyẹn nìkan. Ìgbà tí a délé ni ẹkún tó gbọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin wá kí wa káàbọ̀, ìró ìyá mi ló sì ró wá, nítorí wọ́n ti pín ẹrù rẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì dárí jì wọ́n tán, mi ò sì ní dárí jì wọ́n torí kí ìtàn yìí lè dùn. Mo ti jẹ́ òkú rí lẹ́nu àwọn èèyàn tó fẹ́ràn mi. Mo mọ bó ṣe rọrùn tó: kí èèyàn ṣáà ti pẹ́ díẹ̀, kí ẹnu sì kò.

Ìyá mi bu àṣẹ̀kẹ́ sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi.

"Béèrè," ó ní. Ó wá fi Faransé tó máa ń sọ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á kún un: "Ça va aller." Á dáa, ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́, àṣẹ ni.

Mo béèrè. Kí ẹ má rò pé ẹkún ni mo sun sínú ìbéèrè yẹn o. Mi ò mẹ́nu kan ìyá àgbà rárá. Ẹ̀rí ni mo tò sílẹ̀. Ìgbì rédíò ò dọ́gba, èyí tó ga wà, èyí tó lọ sílẹ̀ wà, èyí tó lọ sílẹ̀ ni àwọn díìṣì tiwa sì ń gbọ́. Nígbà tí ìràwọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bú, ohun tó tú jáde máa ń ki débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àwọn ìgbì yẹn mì. Ó di ìgbà tó bá gbòòrò, tó fẹ́lẹ́, kí wọ́n tó ráyè jáde. Ọmọ gáréèjì ò nílò kí wọ́n sọ ìyẹn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìpè fóònù ló máa ń kọ́kọ́ ti ẹnubodè wọlé, lẹ́yìn náà ni ẹni tó gbé báàgì dání tó fi ọ̀kadà sọdá, ẹrù ńlá ló máa ń kẹ́yìn. Ẹrù ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹgbẹ́ wa sì ti fẹ́ kó àga kúrò nílẹ̀. Èérún àkókò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fún mi. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Bí mo ṣe ń dúró, alága gáréèjì gbọ́ pé mò ń retí nǹkan. Ó wá sí ìsọ̀, mo sì rò pé yẹ̀yẹ́ ló tún gbé dé.

"Ṣé tìẹ ti dé?"

"Ó wà lọ́nà, bàbá."

Ó mi orí. "Ó tó ibo báyìí?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbéra."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ó ní, ó sì padà sídìí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún, òun nìkan ni kò fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń béèrè, bí ẹni ń béèrè bọ́ọ̀sì gidi. Kò kúkú ṣíwọ́ àtimáa pè mí ní ọmọ jìbìtì.

Nígbà tí àwọn díìṣì parí tiwọn, tèmi bẹ̀rẹ̀. Ìgbì tó ń ti ọ̀run bọ̀ kì í dá wá. Ariwo sátẹ́láìtì, ti ọkọ̀ òfuurufú, ti fóònù ẹni ẹlẹ́ni, gbogbo rẹ̀ ló ń dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì lágbára jù ú lọ. Mo jókòó, mo ń ṣà wọ́n kúrò. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lọ́hùn-ún ló ń ṣe wàhálà náà, èmi ni mò ń pàṣẹ fún un láti Ẹ̀jìgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ ẹsẹ̀, àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú mi díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ariwo ni mo ń rí, ariwo, iyanrìn lórí iyanrìn. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bú ẹni tó ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwòrán náà ṣí dé àárín, ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe àmì tíntín mọ́. Ó funfun, ó sì yọ gedegbe láàárín ariwo. Mi ò pariwo. Mo pín ohun tí a gbọ́ sí ọ̀nà méjì, mo ya àwòrán wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wà nínú méjèèjì. Mo wo àwọn agbo ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, gbogbo wọn wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló ti tàn sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"O pẹ́," mo sọ fún un.

Ìyá mi gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹja tó ń yí padà nínú epo.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá láìkí i, èyí tí kò dára, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò pẹ́ tó fi pè mí. 

"Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí," ó ní. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Òtítọ́ ni. Àmì tíntín ti ìṣáájú yẹn lè jẹ́ ariwo. Bọ́ọ̀sì tó jóná nígbà ogun yẹn, bọ́ọ̀sì gidi ni. Àwọn ìyá kan wà ní Ẹ̀jìgbò tí wọ́n dúró de ọmọ wọn títí tí wọ́n fi kú, ọmọ ò dé. Ká ní ojú ọ̀run dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni, ǹ bá ti lọ máa to àwòrán àtijọ́, ǹ bá sì gba ìtìjú mi. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni ì bá sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ìpàdé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ní òun gbọ́, ó ní òun ti yọ tèmi kúrò lára àwọn tí kò sí, kí n máa bá a lọ. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì retí pé kó bẹ̀ mí.

Alága gáréèjì ti rí ojú mi, kò dúró kí n sọ ọ́. "Tọmọ Ìyá Aláṣẹ̀kẹ́ ti dé o!" ló ké sáàárín òjò. Obìnrin kan tó ń dúró de ẹrù sáré bọ́ síta láti wo bọ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ bú wa dáadáa.

Ìyá mi dúró kí ariwo rọlẹ̀ kó tó bi mí léèrè.

"Ṣé wọ́n ti kà á mọ́ òkú tẹ́lẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti fẹ́ kà á mọ́ òkú, Màámi. Gbogbo ìpàdé ló gbà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò ṣe àmín."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń yí ẹja tó ti jinná tipẹ́ padà. Nígbà tó yá, ó ní kí n dìde. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu àpótí ìyá àgbà títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n padà jókòó.